Èwo La Ó Rọ?

Láti ọjọ́ Ajé ni n kò ti rí tábìlì ìdáná mi.
Bébà aláwọ̀ búlúù ló bò ó, tó ń ká ara rẹ̀ bí ejò,
orí itan ni mo ti ń jẹ ọ̀dùnkún
bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀.
Idwal ń yan ẹ̀rọ.
Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó ń yan ẹ̀rọ
bí ọmọkùnrin tó ń wá ìyàwó:
ó béèrè ìdílé, ó béèrè ìwà, ó béèrè àrùn.

“Èyí ńkọ́?” Ó fi pẹ́ńsù kàn án.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fà ga ju èèyàn lọ,
òru ló máa ń fa àwọn olówó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù,
wọ́n fi idẹ kọ orúkọ ọba kan sí ìhà rẹ̀.
Mo ní ó dára. Mo ní, ọdún mélòó?
Ó dákẹ́, ó ka ìka.
“Mẹ́sàn-án, bí ojú kò bá dà mí.”
Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n díẹ̀ láti ìgbà òtútù,
èmi wo ìkòkò tíì.
Bọ́ìlà tó tó agolo mílíìkì,
páìpù mọ́kànlélógún tí a ó jó pọ̀ nínú òkùnkùn ikùn rẹ̀:
àwọn àgbà ti sọ ti ọwọ́ wọn àti kèrègbè.

Èkejì ní eyín nínú ẹsẹ̀, òkè ló ń gùn,
ó ń bu irin jẹ bó ti ń lọ. Èyí wù mí.
Idwal mi orí: “Méjì irú ẹ̀ wà nílé Hefin.”
Òótọ́ ni. Hefin á sì wá ka bọ́ọ̀tì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ìgbà náà ló mú fọ́tò kan jáde
nínú agolo bísíkíìtì tí mo rò pé bọ́tìnnì ló wà níbẹ̀.
Luned ìyá rẹ̀, nínú kóòtù, ọwọ́ lórí fìlà nítorí atẹ́gùn;
lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì ẹ̀rọ kékeré tó ń fa òkúta pẹlẹbẹ
jáde nínú ihò òkè ní Bryn Hesgog,
kúkúrú, ihò èéfín rẹ̀ ga, bí ọmọ tó dé fìlà bàbá rẹ̀.
Gwennol lorúkọ rẹ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀ ní Wéèlsì.
Bàbá Idwal ló ń ko èédú sí i lẹ́nu.
Kò sí àwòrán ìwọ̀n rẹ̀; iléeṣẹ́ jóná, ìwé bá a lọ.
Ìyá rẹ̀ sì dúró gbọn-in níwájú ìdajì tó kù,
kò yẹ̀, láti ọdún márùndínláàádọ́rin wá.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀.”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé a wọ bàtà rọ́bà.
Òjò ń rọ̀ bó ti máa ń rọ̀ níbẹ̀, láìbínú, láìsinmi.
Nínú ẹ̀gún la ti bá ohun tó ṣẹ́kù:
férémù kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta, àgbá tí ìpẹtà ti jẹ lójú.
Àgùntàn kan ń sùn níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró sí.
A kò lé e.
Idwal di téèpù mú lápá kan, èmi lápá kejì,
ó ń pe ìwọ̀n, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn bílì iná:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, íǹṣì mẹ́ta. Níhìn-ín ó ti ṣẹ́, fi àmì ìbéèrè sí i.
Àmì ìbéèrè pọ̀ ju nọ́ńbà lọ.

Àwọ̀ ńkọ́? Fọ́tò kò mọ̀. Ìpẹtà kò sọ.
A lọ bi Eluned Parri ní ilé àwọn arúgbó,
ẹni tó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ síbẹ̀ nígbà ọmọge rẹ̀.
Ó ní pupa ni. Ó mu tíì. Ó ní rárá, àwọ̀ ewé ni.
Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ Idwal mú, èyí tó ń gbọ̀n:
“Ó máa ń gbóná. Mo máa ń fara tì í bí yìnyín bá bọ́.
Ìyẹn ni mo rántí.”

Lálẹ́ ó ká bébà rẹ̀, ó dá tábìlì mi padà fún mi.
Ó mú páànù bàbà kan, ó fi ìṣó ha ìlà àkọ́kọ́ sí i.
Ìlà náà kò gún.
Ó wò ó, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ha òmíràn.
Alápàáǹdẹ̀dẹ̀: ẹrẹ̀ díẹ̀, itọ́ díẹ̀.